Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "procure": ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá lò ó

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Wọ́n fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n fọwọ́ sí i, mo sì rí i nínú rẹ̀ pé agbaṣẹ́ṣe "shall procure that its workers comply with the site rules". Rírà ni mo mọ "procure" sí, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rà níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ mi gan-an?

Èsì: Ó dára tí ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Nínú ìwé àdéhùn, bí "that" bá ti tẹ̀lé "procure", ọ̀rọ̀ rírà ti kúrò níbẹ̀. Ìlérí tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ó rí i dájú pé àwọn òṣìṣẹ́ yín pa òfin ibi iṣẹ́ náà mọ́. Kì í ṣe pé ẹ ó gbìyànjú o. Bí ẹnì kan nínú wọn bá rú òfin náà, ẹ̀yin ni wọ́n lè sọ pé ẹ yẹ àdéhùn, kódà bí ẹ bá ti kìlọ̀ fún un títí ẹnu fi bó. Bí ẹ kò bá fẹ́ ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ "shall use reasonable endeavours to procure", èyí tí ó sọ ọ́ di ìlérí pé ẹ ó sa ipá tí ó bọ́gbọ́n mu. Bí owó inú iṣẹ́ náà bá pọ̀, ẹ fi ìwé náà han agbẹjọ́rò.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara "procurare", tí í ṣe kí a bójú tó nǹkan ní ipò ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbé ìtumọ̀ akitiyan àti ìjíṣẹ́ dání: ẹni tí ó "procure" nǹkan wá a kiri, ó ṣètò bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ẹlòmíràn, yálà owó wọ̀ ọ́ tàbí kò wọ̀ ọ́. "Obtain" kò béèrè akitiyan tó bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì bá ìwé àṣẹ àti ìyọ̀ǹda mu. "Acquire" jẹ́ ti ohun tí yóò di tiwa, bí ìmọ̀, ilẹ̀ tàbí ilé-iṣẹ́; a lè "acquire" èdè, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè "procure" rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "get" ti tó. Ẹni tí ó bá ní òun "procure" bírò kan, àwọn tó gbọ́ yóò rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ní ibi iṣẹ́, "procurement" ju kí a sanwó ọjà lọ: ó kó kíkọ ohun tí a nílò sílẹ̀, pípe àwọn olùtajà láti díje, yíyẹ iye owó wọn wò, àdéhùn, àti àbójútó rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ yín bí ẹ kò bá lè ṣàlàyé àwọn ìpele wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ń wá irú iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ Procurement Act 2023, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2025.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún pátápátá ni fífi ènìyàn tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. Nínú òfin, ẹni tí ó "procure" obìnrin ni ẹni tí ó tàn án tàbí tí ó wá a fún òwò nàbì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, "recruit" ni kí ó kọ.

Àfikún: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa, "organ procurement" ni gbígba ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ẹni tí ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún aláìsàn. Kò sí rírà níbẹ̀ rárá, nítorí pé òfin ọdún 1984 tí ó dá ètò náà sílẹ̀ ka títà àti rírà ẹ̀yà ara fún irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Skọ́tílándì ni mo ń gbé. Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ "Procurator Fiscal". Ṣé gbèsè ọjà ni?

Èsì: Rárá, àbúrò mi. Agbefọ́ba ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Òun ni ó ń pinnu bóyá kí ẹjọ́ ọ̀daràn dé ilé-ẹjọ́, òun náà ni ó sì ń ṣèwádìí ikú òjijì tí kò ní àlàyé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí ni wọ́n fẹ́ kí o jẹ́. Wo ọjọ́ àti ilé-ẹjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí o sì pe nọ́ńbà inú lẹ́tà náà lónìí bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí pé adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n mú ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè tí kò yọjú.