Wágọ̀ wọ sáídìn tó kọjú sódì láì fọwọ́ gbé e, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Oníwágọ̀_Maryland:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí níyànjú. Láti ìgbà ooru tó kọjá ni mo ti tẹ́ ojú irin kékeré fún rélùwéè ìṣeré sí ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Maryland, èyí tí àárín irin rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó mílímítà 45 yẹn ni, ó yí po, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó mi gbin ewédú sí, ó sì kọjá lábẹ́ àtẹ̀gùn. Tẹ́lẹ̀ mo kàn ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí ni, àwọn ọmọ á máa wò ó, ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ gidi, kó gbé ẹrù dé ibì kan kó já a sílẹ̀ kó gbé òmíràn. Ni mo bá fi sáídìn mẹ́ta, ìyẹn irin ẹ̀ka tí òpin wọn dí, kún un, ọ̀kan fún sìmẹ́ńtì, ọ̀kan fún pákó, ọ̀kan fún epo.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Ti sìmẹ́ńtì àti ti pákó rọrùn, ẹ́ńjìnì á fa wágọ̀ kọjá ibi tí irin ti yà, mo yí pọ́íǹtì, irin tó ń ṣí ọ̀nà níbẹ̀, ó padà sẹ́yìn ó ti wágọ̀ wọlé, ó tán. Ti epo ló kọjú sódì. Ẹ́ńjìnì ló máa kọ́kọ́ wọlé, wágọ̀ á wà lẹ́yìn ẹ̀, tí mo bá já wágọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ẹ́ńjìnì ti há nìyẹn, kò rọ́nà jáde. Ọwọ́ ni mo fi ń gbé wágọ̀ epo báyìí, ó sì ń dùn mí, torí tí mo bá ti fọwọ́ gbé e kì í ṣe rélùwéè mọ́. Ṣé kí n tú sáídìn yẹn kí n yí i ni? Mo ti fi kọnkéré dì í mọ́lẹ̀. Nǹkan kejì, ìkọ́ àárín wágọ̀ kì í fẹ́ já nígbà tí mo bá fẹ́ kó já, pàápàá ní kọ́nà.

Ìyá_Ojúirin:
Ọ̀gá mi, ẹ má tú nǹkan kan o, ẹ jẹ́ kí kọnkéré yín wà níbi tó wà. Ẹ ní ojú irin yín yí po, àbí? Ọ̀nà ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ dá ọkọ̀ dúró kó tó dé pọ́íǹtì epo, ẹ já gbogbo wágọ̀ kúrò lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, kí ẹ́ńjìnì nìkan máa lọ síwájú, kó yí gbogbo ọgbà ká, kó wá bá wọn láti ẹ̀yìn. Wágọ̀ ló wà níwájú báyìí, ẹ yí pọ́íǹtì, kó rọra tì wọ́n wọlé, ẹ já ti epo sílẹ̀ kó fa àwọn yòókù jáde. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni pé láti ilé ni kẹ́ ẹ ti to wágọ̀ epo tẹ̀lé ẹ́ńjìnì gan-an, torí èyí tó sún mọ́ ẹ́ńjìnì nígbà àlọ ló máa wà níwájú pátápátá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti bọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ rélùwéè gidi ni kò yí po, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tẹ́ lúùpù, irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tó pàdé lórí méjèèjì. Tàbí kí wọ́n fo sáídìn tó kọjú sódì nígbà àlọ kí wọ́n wá ṣe é nígbà àbọ̀, torí èyí tó kọjú sódì nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lọ, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ó ti gún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá máa tẹ́ lúùpù lọ́jọ́ iwájú, ẹ to wágọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó gé irin. Èmi fojú bu tèmi ní Kent níbí, wágọ̀ méjì ló gbà, ẹ̀kẹta jókòó sórí pọ́íǹtì, ẹ́ńjìnì ò lè kọjá, odidi Sátidé kan ni mo fi tún un tẹ́.

ỌmọÈbúté:
Ẹ ṣeun ìyá wa. Ti ìkọ́ yẹn lèmi fẹ́ fèsì sí. Bàbá mi ṣe ṣọ́ńtà ní Èbúté Mẹ́ta ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa já wágọ̀ kí wọ́n máa so ó, ohun tí wọ́n sì máa ń tẹnu mọ́ fún wa ni pé ìkọ́ tó bá nà tan kò ṣe é já. Kékeré náà ò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì padà sẹ́yìn bí ìdajì ìka, kí wágọ̀ fara kanra, ìkọ́ á dẹ̀, ìgbà yẹn lẹ wá fi nǹkan pẹlẹbẹ gbé e sókè. Igi áísìkirímù tí mo pọ́n lórí ni mò ń lò, kì í ha ọ̀dà ara wágọ̀ bíi ti irin. Ẹ má sì já a ní kọ́nà rárá. Kọ́nà R1, èyí tó ká jù, tí rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 60 péré, orí wágọ̀ kan á kọjú síhìn-ín, ti èkejì á kọjú sọ́hùn-ún, ìkọ́ méjèèjì ò ní bára wọn mu. Ẹ wá ibi tó tọ́, tó gùn tó wágọ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí náà, torí inú mi máa ń dùn sí i. Ojú irin àtijọ́ wa láti Èkó, èyí tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, mílímítà 1067 ló fẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà 24, ó kù díẹ̀ kó pé 45. Tẹ́ ẹ bá wá kan wágọ̀ ní ìdá kan nínú 24, á jókòó sórí irin tẹ́ ẹ ti ní nílẹ̀ yẹn bí wágọ̀ Ìdó ṣe jókòó gan-an! Ti tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, 1435 nìyẹn, kò bá a dọ́gba. Wágọ̀ kòkó ni mò ń fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn lọ́wọ́, ara rẹ̀ ti pé, ó ku òrùlé.

Bátìrì_ni_tèmi:
Ẹ ò tíì sọ pé wágọ̀ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà lè yí lọ o, ilẹ̀ ọgbà kì í tẹ́jú, pàápàá tí ẹsẹ̀ wágọ̀ bá jẹ́ irin, ó máa ń yọ̀. Ẹ já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ìgbálẹ̀ ilé wa yìí náà, ẹ gún un sáàárín igi abẹ́ irin kó yọrí sókè díẹ̀, á kan ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ wágọ̀ pọ̀, á dá a dúró. Tí ẹ́ńjìnì bá fà á, ìgbálẹ̀ á tẹ̀ á sì padà nàró. Kẹ́ ẹ tó yí pọ́íǹtì náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n, òkúta kan ṣoṣo tó bíi ẹyọ ìrẹsì tó bá há síbẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò ní pa dé, wágọ̀ á sì bọ́.

Tó bá jẹ́ ṣọ́ńtì gan-an, ìyẹn títo wágọ̀, lẹ fẹ́ràn, ẹ wo Inglenook, eré títo wágọ̀ tí Alan Wright ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sáídìn mẹ́ta ni, ọ̀kan gba wágọ̀ márùn-ún, méjì yòókù gba mẹ́ta mẹ́ta, wágọ̀ mẹ́jọ sì ni gbogbo ẹ̀. Ẹ máa fa káàdì tó dúró fún wágọ̀ kọ̀ọ̀kan, márùn-ún tó bá jáde ni kẹ́ ẹ tò pọ̀ bí wọ́n ṣe jáde gẹ́lẹ́, ibi tí ẹ́ńjìnì á dúró sí ò sì gbà ju òun àti wágọ̀ mẹ́ta lọ. Pákó kan nínú gáréèjì ni mo ṣe tèmi sí fún ìgbà òtútù.

Oníwágọ̀_Maryland:
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo gbìyànjú ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ wágọ̀ yí lọ lóòótọ́, ó lọ kọlu ìdí àtẹ̀gùn, mo wá gún ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì ẹ́ńjìnì yí ọgbà po, ó bá wọn láti ẹ̀yìn, ìkọ́ kọ́ ra, ọmọ mi obìnrin ló yí pọ́íǹtì, wágọ̀ epo wọlé jẹ́jẹ́ títí dé òpin, mi ò fọwọ́ kàn án. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. ỌmọÈbúté, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá kan òrùlé wágọ̀ kòkó yẹn tán, ẹ gbé fọ́tò ẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ sì kọ gígùn àti ìbú ẹ̀ sí i, ó ku àyè kan létí ewédú yẹn.