"Èéfín" kò kó eérú mọ́ra

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní kí á máa pe wàhálà àwọn ilé iṣẹ́ iná tó ti gbó, tó ń jó èédú ilẹ̀, ní "ìbàfẹ́fẹ́jẹ́" àti "àìṣeégbẹ́kẹ̀lé", kí "èéfín" sì dúró fún gbogbo ohun tó ń gba ṣímínì jáde. "Èédú ilẹ̀" tẹ́ mi lọ́rùn. Èédú lásán, ti oníṣúyà ni. Èéfín yẹn ni mi ò fara mọ́.

Ojú jẹnẹrétọ̀, tí èéfín nìkan là ń rí lára rẹ̀, la fi ń wo ọ̀rọ̀ náà l'Ékòó. Gáàsì ni ilé iṣẹ́ iná Egbin ń jó, gáàsì kì í sì í ní eérú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ iná Ìjọra ṣì ń jó èédú Enugu, tí rélùwéè ń kó o dé Port Harcourt kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá síbí, bàbá kan l'Óyìngbò sọ fún mi pé wọn kì í ká aṣọ funfun láì kọ́kọ́ gbọn eérú ara rẹ̀ dànù. Ẹ gbọ́ o, eérú ni bàbá wí. Ti imí ọjọ́ tó wà nínú èédú tún yàtọ̀, irú èyí tí àwọn lẹ́kulẹ́ja ń tà ní Jánkàrà: bó bá jóná, ojú kì í rí i, ọ̀fun ló máa ń ta.

Eérú yìí kan náà ló ń da ẹ̀rọ láàmú. Bó ṣe ń bá ooru sáré kọjá, á máa ha páìpù omi inú bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò ńlá tó ń se omi, títí páìpù á fi lu. Omi á tú sínú iná, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á sì dúró kó tutù kí wẹ́dà tó lè wọlé lọ jó o.

Ẹnì kan tún pe ohun tó ń gba eérú dúró, kó má bàa gba ṣímínì jáde, ní "asẹ́". Rárá o. Asẹ́ ní ihò. Irin pẹlẹbẹ ńláńlá ló tò sínú eléyìí. Iná mànàmáná ló ń mú kí eérú lẹ̀ mọ́ ọn, òòlù á wá máa gbá irin náà kí eérú lè já bọ́ sísàlẹ̀. "Agbeérú" ló yẹ ẹ́. Bí agbeérú bá bàjẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ kí ìlú ṣókùnkùn, tàbí kí ẹ jẹ́ kí eérú máa dà lu aráàlú. Eérú tó ń tú jáde ní ilé iṣẹ́ iná Kendal, ní Mpumalanga ní Gúúsù Áfíríkà, ló gbé Eskom, ilé iṣẹ́ mànàmáná ìjọba ibẹ̀, dé kóòtù.

"Àìṣeégbẹ́kẹ̀lé" ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni. Ará Èkó á ní iná ń ṣe ségesège. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ lónìí, tó dùbúlẹ̀ lọ́la, òjòjò ló ń ṣe. Bí èmi yóò ṣe kọ wàhálà irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyí: "Bọ́ílà ilé iṣẹ́ náà ń ṣòjòjò, agbeérú rẹ̀ ti bàjẹ́, eérú àti èéfín imí ọjọ́ sì ń dà lu ìlú."