Ìdánwò agbára ọkọ̀ kọ́, ìdánwò ìkọlù ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ lórí bí a ó ṣe máa pe àwọn ọ̀rọ̀ ààbò ọkọ̀ ní Yorùbá. Ẹ ní bí wọ́n ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọlu ògiri, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni inú rẹ̀ á yè é, ká máa pè é ní "ìdánwò agbára ọkọ̀". Ó dùn létí, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. "Agbára" yẹn ló máa ṣi èèyàn lọ́nà.

Ẹ wo ohun tí IIHS, àjọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe ní 2009. Wọ́n mú Chevrolet Bel Air ti 1959 pàdé Chevrolet Malibu ti 2009, ọkọ̀ ìdílé lásán, níwájú-sí-níwájú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré kìlómítà 64 ní wákàtí kan. Bel Air ló dà bí àgbà lójú, irin gbàǹgbà. Òun náà ló ká mọ́ ère tó jókòó ní ipò awakọ̀ lára. Ká ní èèyàn gidi ló wà níbẹ̀ ni, ó ti kú. Imú Malibu rún wómúwómú, ṣùgbọ́n ibi ìjókòó ò yẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni awakọ̀ ìbá fi ṣèṣe. Tó bá jẹ́ agbára là ń dán wò, èwo nínú méjèèjì la fẹ́ sọ pé ó yege? "Ìdánwò ìkọlù" sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì dájọ́ ṣáájú.

Àbúrò tó ní ká pe imú tó ń rún yẹn ní "ibi ẹlẹgẹ́", rárá o! Ohun ẹlẹgẹ́ ń fọ́ bó ṣe wù ú. Èyí ń ká bí wọ́n ṣe ní kó ká, ó ń pa ipá eré náà kó tó dé ara èèyàn. Béla Barényi, ẹnjiníà Mercedes-Benz, ti forúkọ èrò yìí sílẹ̀ ní Jámánì láti 1951. "Imú afaragbá" ni tèmi: ó fara gbá a kí ẹni inú ọkọ̀ má baà fara gbá. Mo mọ̀ pé àwọn tó ṣèṣe ni ìwé ìròyìn ń sọ pé wọ́n fara gbá, ìdí nìyẹn tí "imú" kò fi gbọ́dọ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

Síbẹ̀, ó kù síbì kan. Nínú ìdánwò tí IIHS fi kún tiwọn ní 2012, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú imú ọkọ̀ péré ló ń kan ìdènà. Irin tó yẹ kó fara gbá a sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, táyà àti òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ló ń jẹ ìyà náà. "Ìkọlù igun iwájú" ni mo fi ń pè é títí ẹnìkan á fi rí èyí tó sàn jù.

"Ọmọláńgidi" tí ẹ fẹ́ ká máa pe ère tó ń jókòó ní ipò èèyàn nínú ìdánwò náà ńkọ́? Ọmọláńgidi tó wọn nǹkan bíi kílò 78! Wọ́n ń fi ọ̀dà kun ojú àti orúnkún rẹ̀, kí àwọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lè tú àṣírí ohun tó kàn. "Ère ìdánwò" tó.

Ní ti "àpò afẹ́fẹ́" (airbag), èyí tó ń wú síwájú èèyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. "Tìmùtìmù" tí ẹ dábàá náà dára, àmọ́ mi ò tíì rí tìmùtìmù tó ń wú kí èèyàn tó ṣẹ́jú, tí á sì tún máa jò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.