Ìṣiṣẹ́kára kọ́ ni ìwọ̀n àmújáde

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o. Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe "productivity" ní ìṣiṣẹ́kára, kí a sì máa pe "efficiency" ní ìmọṣẹ́. N kò fara mọ́ méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ni ó sì ń kọ mí lóminú jù.

Ìwà ènìyàn ni ìṣiṣẹ́kára ń sọ. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń wọ̀n kì í ṣe òógùn ojú, bí kò ṣe iye ohun tí ó ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ jáde nígbà tí a bá fi wákàtí tí ó lò pín in. Ní ọdún 1913, ilé-iṣẹ́ Ford ní Highland Park, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ṣètò pé kí ọkọ̀ máa rìn lọ bá òṣìṣẹ́ níbi tí ó dúró sí, dípò kí òṣìṣẹ́ máa lọ bá ọkọ̀, àkókò tí wọ́n fi ń to ṣáṣí (egungun ìsàlẹ̀) ọkọ̀ kan sì já wálẹ̀ láti wákàtí tí ó lé ní 12 sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 93. Ṣé àwọn ènìyàn náà ni wọ́n wá di aláápọn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ? Ètò iṣẹ́ ni ó yí padà.

Nítorí náà, ìwọ̀n àmújáde ni mo dábàá. Ìṣe ni ìmújáde ń sọ. Àmújáde ni ohun tí ìṣe náà bí, gẹ́gẹ́ bí àkójọ ti yàtọ̀ sí ìkójọ. Ní ti "èrè iṣẹ́" tí ẹlòmíràn mú wá, yóò kó bá wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń san owó oṣù.

Ní ti ìmọṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi pe "efficiency", ẹ̀rọ kò mọṣẹ́, síbẹ̀ ẹ̀rọ kan lè ná wa ní iná mọ̀nàmọ́ná tí ó kéré sí ti èkejì fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣúná, tí a fà yọ lára ṣún àti ná, tí rédíò ti sọ di ti tọmọdé tàgbà, kí a sì pe "efficiency" ní ìṣúnlò, ìyẹn ni fífi ohun èlò díẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà. Ká ní aránṣọ kan rán ẹ̀wù 20 ní wákàtí 8, tí ó lo ọ̀pá aṣọ 50, tí èkejì sì rán 24 ní wákàtí 12, ṣùgbọ́n tí ọ̀pá 48 péré tó o. Ìwọ̀n àmújáde ti àkọ́kọ́ ni ó ga, nítorí ẹ̀wù 2.5 ní wákàtí kan ju 2 lọ. Èkejì ni ìṣúnlò aṣọ rẹ̀ dára, òun náà ni ó sì pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá tí ó bá pe gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìṣiṣẹ́kára kò ní mọ ohun tí yóò ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tún ṣe.

Ibi tí ó ṣòro ni iṣẹ́ tí kì í mú ọjà jáde. A lè ka iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan rí ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n bí iye yẹn bá ti di òṣùwọ̀n, yóò máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àbájáde ni n óò lò, kí ó lè hàn pé iye àwọn tí ara wọn yá ni à ń béèrè.