Ìpanu wo ló lè dé Bahia láìbàjẹ́?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, ń fi ìpanu ìlú wa ránṣẹ́ síra wa. Tirẹ̀ ti dé: cocada tí wọ́n fi àgbọn àti ṣúgà ṣe, tó jọ gúrúndì wa gan-an, àti paçoca, ẹ̀pà gígún tí wọ́n fi ṣúgà àti iyọ̀ pò, tó ń yọ́ lẹ́nu. Ó wá kù sọ́wọ́ mi.

Dòdò Ìkirè ló wà lọ́kàn mi jù. Ẹni tó ń jẹ acarajé, ìyẹn àkàrà tiwọn, tí wọ́n dín nínú epo pupa láti kékeré, ata àti epo rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí i. Àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ bàjẹ́ lọ́nà. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi ránṣẹ́ sókè òkun rí? Ṣé kí n tún un yan kó gbẹ dáadáa ni?

Àádùn ń kọ́? Epo rẹ̀ máa ń jò gba inú ọ̀rá. Kókóró ní tirẹ̀ a máa rún. Bóyá agolo mílíìkì tó ṣófo á gbà á. Róbó nìkan lọkàn mi balẹ̀ lé lórí, torí ó le, ó sì gbẹ. Mo ti yọ wàrà àti kílíṣí kúrò, nítorí àwọn aṣọ́bodè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí Brazil, kí lẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù tí wọn ò fi dá a dúró? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.