Ta ló ṣì ní ìwé Fágúnwà tó ní àwòrán Onobrakpeya?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ, tó jáde ní 1968, ni mò ń wá, èyí tí Bruce Onobrakpeya ya àwòrán sí. Bàbá mi ní in nígbà tí mo wà ní kékeré, òjò ló bà á jẹ́. Àwọn iwin inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn lóru, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo ti tún ṣí i. Ẹni tó bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwòrán Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún, wà níbẹ̀? Ẹ bá mi ya fọ́tò rẹ̀, mo fẹ́ kí ọmọ mi rí i. Níbo ni mo sì ti lè rà á ní Ìbàdàn?