Ìrírí wa lẹ́yìn amọ̀nà: alùpùpù lórí àwọn òkè Hà Giang àti Ladakh

Ọmọ Òkè Ìdànrè
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kọkànlá, kí a lọ fi alùpùpù yí àwọn òkè Hà Giang ká ní àríwá orílẹ̀-èdè Fiẹtnám, lẹ́bàá ààlà Ṣáínà. Ìrìn náà tó nǹkan bí 350 kìlómítà, ọjọ́ mẹ́rin ni a sì fẹ́ fi rìn ín. Ọ̀rọ̀ amọ̀nà ni ó ń da wá láàmú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí a gba amọ̀nà tí yóò máa ṣáájú wa, èkejì ní owó náà ti pọ̀ jù, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ ṣìnà. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀, tàbí tí ó ti gun òkè mìíràn ní Éṣíà lẹ́yìn amọ̀nà, kí ó jọ̀wọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wa.

Àbẹ̀kẹ́ ní Hanoi
Ọdún kẹfà mi rèé ní Hanoi, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti yí Hà Giang ká ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ti àkọ́kọ́ ni n ó sọ.

Àwa márùn-ún ni a lọ. Amọ̀nà wa jẹ́ ọmọkùnrin kan láti inú ẹ̀yà Hmong, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Honda kékeré tí ó ní jíà ṣùgbọ́n tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ni mo gùn. Ní ọjọ́ kẹta, a gba Đồng Văn lọ sí Mèo Vạc, lórí ọ̀nà Mã Pí Lèng tí ó gùn tó nǹkan bí 20 kìlómítà. Ògiri òkúta wà ní ọwọ́ kan, ọ̀gbun wà ní ọwọ́ kejì, odò Nho Quế sì tẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá bí ọ̀já aláwọ̀ ewé kan tí ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọjá. Ìkúùkù bo gbogbo rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni mo ń tẹ bíréèkì, n kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ rárá, nítorí pé ẹ̀rù bà mí dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Amọ̀nà dẹ̀rìn títí ó fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbọ́ òórùn kan, ó sì na ọwọ́ sókè pé kí gbogbo wa dúró.

Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn mi. Ó da omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì ta ẹ̀kán kan sí ara họ́ọ̀bù, irin àárín táyà tí bíréèkì wà nínú rẹ̀. Ó dún ṣáà, bí ìgbà tí omi bá ta sínú epo àkàrà, omi náà sì gbẹ lójú wa. Kò bá mi wí. Ó jókòó sórí òkúta, ó bó ọsàn, ó pín in fún wa, ó sì ń fi ọwọ́ júwe ògiri òkè tí ó wà lórí wa. Ó ní láti ọdún 1959 sí 1965 ni wọ́n fi la ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ayọ̀, àti pé nígbà tí iṣẹ́ dé Mã Pí Lèng, àwọn ọ̀dọ́ fi okùn so ara wọn rọ̀ mọ́ òkè fún oṣù mọ́kànlá, wọ́n ń fi ọwọ́ gbẹ́ òkúta. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí ó tó gbà kí a gbéra. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìka méjì sókè: jíà kejì. Ó ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn, kí n má sì tẹ bíréèkì àfi bí a bá fẹ́ wọ kọ́nà.

Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń jẹ ọsàn náà, ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni ó já láti inú ìkúùkù, tí wọ́n gba àárín ọ̀nà kọjá. Títí di òní, bí mo bá bó ọsàn, mo máa ń rántí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà yẹn.

Ṣẹ́gun Alùpùpù
Ẹ gba amọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ sì mú aṣọ òjò tí ó nípọn dání.

Mẹkáníìkì Mushin
Mo kí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. N kò dé Fiẹtnám rí, ṣùgbọ́n ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń tún alùpùpù ṣe, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń ka èyí mọ ìdí tí ọmọkùnrin náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣúù bíréèkì tí ó wà nínú họ́ọ̀bù ni ó ń fi ara gbo irin kí táyà tó lè dúró. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ láìsinmi láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò gbóná débi pé kò ní lè di irin mú mọ́, ẹni tí ó gùn ún yóò wá tẹ bíréèkì títí, alùpùpù kò sì ní dáhùn. Ní Èkó, ibi pẹrẹsẹ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ọ̀kadà, nítorí náà ẹni tí ó ti gùn ún fún ogún ọdún lọ́dọ̀ wa lè má pàdé ìṣòro yìí rí. Iṣẹ́ ni ọmọ yẹn ń ṣe nígbà tí ó jókòó tí ó ń bó ọsàn, ẹ má fi ojú ìsinmi wò ó.

Jídé Houston
Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ní ọdún 2023, èmi nìkan ni mo yí ibẹ̀ ká, mo dúró níbi tí ó wù mí, inú fóònù mi ni mo sì ti ń wo ọ̀nà. Ohun tí ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn, tí amọ̀nà ń gùn ún fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe gígun alùpùpù, èrò ọkọ̀ ni wọ́n. Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo ní ni pé àwọn ọlọ́pàá dá mi dúró lójú ọ̀nà Quản Bạ, wọ́n ní ìwé ìwakọ̀ òkèèrè tí mo gbà ní Amẹ́ríkà kò bá òfin àwọn mu, mo sì san owó ìtanràn.

Àbẹ̀kẹ́ ní Hanoi
Ẹ̀gbọ́n Jídé, ẹ kú ewu. Ìwé ìwakọ̀ òkèèrè tí ó bá àdéhùn ìrìnnà àgbáyé ti ọdún 1949 mu nìkan ni Amẹ́ríkà ń fúnni, ti ọdún 1968 sì ni Fiẹtnám fọwọ́ sí. Ọmọ Òkè Ìdànrè, ẹ lè gba ti 1968 ní ìlú Ọba, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àṣẹ alùpùpù wà nínú láísẹ́ǹsì yín tẹ́lẹ̀. Ti mọ́tò nìkan kò tó. Owó ìtanràn ni ó kéré jù nínú ewu rẹ̀: bí ẹ bá ṣubú láìní ìwé tí ó tọ́, àwọn adójútòfò lè kọ̀ láti san owó ilé ìwòsàn. Ẹni tí amọ̀nà gbé sẹ́yìn kò nílò ìwé ìwakọ̀ kankan.

Ìyá Aláró Abẹ́òkúta
Jídé ọmọ mi, èmi ni èrò ọkọ̀ tí o sọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí ọmọbìnrin mi mú mi lọ. N kò gun alùpùpù rí láyé mi, àyàfi bí mo bá jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà lọ sí ọjà. “Easy rider” ni wọ́n ń pe àwọn amọ̀nà tí ń gbé ènìyàn sẹ́yìn níbẹ̀. Amọ̀nà tèmi kọ́ mi kí a tó gbéra: bí òun bá tẹ̀ sí ọ̀tún, kí èmi náà tẹ̀ sí ọ̀tún, kí n má ṣe le gbagidi. Ọjọ́ kan gbáko ni ó gbà mí kí ara mi tó gbọ́ èdè ara rẹ̀.

Àdìrẹ ni mo fi ṣe ìborùn. Ní ọjọ́ kejì, ó wo ìborùn náà nínú dígí alùpùpù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá lọ sí abúlé kan tí ó ń jẹ́ Lùng Tám. Kí a tó wọlé ni òórùn ẹlú ti pàdé mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé aláró mọ òórùn tí mò ń sọ. Àwọn obìnrin Hmong ni wọ́n ń hun aṣọ níbẹ̀, wọ́n ń fi ìda oyin ya ọnà sí i lára, wọ́n sì ń rì í sínú aró, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró dé ọrùn ọwọ́, bí ti ìyá mi, di etí ìborùn mi mú, ó fi ìka méjì rà á, ó sì yí i padà láti wò bóyá aró mu dé ẹ̀yìn. Bí a ti ń yẹ aṣọ wò ní Ìtòkú gan-an nìyẹn. A kò gbọ́ èdè ara wa, a kò sì ṣe aláìgbọ́ra. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo di ọwọ́ alùpùpù mú, ojú ọ̀nà nìkan ni ǹ bá máa wò, ta ni ì bá sì rí ìborùn mi?

Jídé Houston
Màmá, ẹ forí jì mí. Mo gba ọ̀nà Quản Bạ yẹn kọjá láìmọ̀ pé abúlé náà wà níbẹ̀.

Mẹkáníìkì Mushin
Àlejò lójú, kò fi ríran. Màmá, mo dọ̀bálẹ̀.

Káyọ̀dé Arìnrìnàjò
Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí Íńdíà. Ní oṣù keje ọdún 2022, àwa mẹ́sàn-án gbéra láti ìlú Manali lọ sí Leh ní Ladakh, agbègbè olókè ní àríwá Íńdíà, lórí alùpùpù Royal Enfield Himalayan. Amọ̀nà ń ṣáájú, mẹkáníìkì sì wà nínú ọkọ̀ tí ó ń tẹ̀lé wa, pẹ̀lú táyà, epo àti àgbá ọ́síjìn. Manali kò ju 2,000 mítà àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ń gun Baralacha La (“La” ni wọ́n ń pe ibi tí ọ̀nà ti gba orí òkè kọjá) tí ó jẹ́ 4,890 mítà, kí ó tó dé Tanglang La tí ó lé ní 5,300.

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, a kọjá ibùdó kan tí ó ń jẹ́ Zing Zing Bar, a sì dé ibi tí omi ti gba orí títì. Omi náà kò jinlẹ̀ lójú mi. Amọ̀nà wa, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wò ó, ó ní a kò ní kọjá lónìí. Ọ̀kan nínú wa fárígá, ó ní òun ti sanwó ìbùsùn ní iwájú. Bàbá náà kò bá a jiyàn. Ó gbé òkúta kan tí ó tó orí ọmọdé, ó jù ú sínú omi, omi sì yí i lọ gbirigbiri títí ó fi ré etí títì bọ́ sínú àfonífojì. Ó wá ṣàlàyé pé láti òwúrọ̀ ni oòrùn ti ń yọ́ yìnyín orí òkè, pé omi a máa kún ní ọ̀sán, a sì máa fà ní òru nígbà tí òtútù bá mú un. A pàgọ́. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, omi náà kò dé agbedeméjì táyà.

Ṣùgbọ́n òru yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ó fárígá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ di orí mú, ó bì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jókòó ti okùn bàtà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò mọ bí wọ́n ti ń dì í mọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ohun tí ara rẹ̀ lè gbà ní ọjọ́ méjì péré. Bàbá náà rí ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn bàtà, kò dúró béèrè nǹkan kan, ó fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ padà sí ìlú Keylong ní ìsàlẹ̀ nínú òkùnkùn. Ká ní a ti kọjá odò lọ́sàn-án, orí Baralacha La ni ì bá bá a. Kò bá wa dé Leh, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, òun ni ó sì máa ń pè mí lọ́dọọdún láti béèrè àlàáfíà amọ̀nà náà.

Túnjí
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ dé Khardung La? Wọ́n ní òun ni ọ̀nà mọ́tò tí ó ga jù láyé, èmi kò sì gbà á gbọ́.

Káyọ̀dé Arìnrìnàjò
A dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí pátákó ni 18,380 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí ó jẹ́ 5,602 mítà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ òde òní wọ̀n ọ́ rí 5,359. Umling La, tí ó wà ní Ladakh bákan náà, ga jù ú lọ dáadáa. Ìwọ̀nba àkókò tí a fi ya fọ́tò ni amọ̀nà fún wa, ó sì lé gbogbo wa sọ̀kalẹ̀.

Fúnmi B.
Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n dé Hà Giang. Àwọn ọmọdé tí ń gbé apẹ̀rẹ̀ òdòdó sẹ́yìn níbi tí àlejò ti ń ya fọ́tò, mo fún wọn lówó, ojú amọ̀nà mi sì korò. Kí ni mo ṣe?

Ṣẹ́gun Alùpùpù
Ọmọ tí ó dúró nínú òtútù yẹ fún ohunkóhun tí a bá ní lọ́wọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ní Hanoi
Ṣẹ́gun, mo mọ̀ pé àánú ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n amọ̀nà tèmi ní bí owó bá ti ń jáde lẹ́bàá ọ̀nà, ilé ìwé ni yóò máa ṣófo, etí kọ́nà tí àwọn akẹ́rù ń gbà ni àwọn ọmọ náà sì ń dúró sí. Ọwọ́ àwọn ìyá wọn ni mo máa ń ná owó mi sí, ní ọjà ọjọ́ Àìkú ní Mèo Vạc.

Ìyá Aláró Abẹ́òkúta
Mo gbọ́ àlàyé yẹn lẹ́nu amọ̀nà tèmi náà, mo sì tún fún wọn. N kò lè wo ẹsẹ̀ lásán nínú òtútù yẹn kí n sì kọjá.

Fúnmi B.
Èmi náà kò lè ṣe é, Màmá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ Òkè Ìdànrè
Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ àná. Ẹni tí ó ní a kò nílò amọ̀nà ni kò ní ju láísẹ́ǹsì mọ́tò lọ, nítorí náà ẹ̀yìn ni òun yóò jókòó. Èmi yóò gun tèmi, jíà kejì ni n ó sì fi sọ̀kalẹ̀. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ṣé òdòdó tam giác mạch tí mo rí nínú fọ́tò ṣì máa ń wà ní oṣù kọkànlá?

Àbẹ̀kẹ́ ní Hanoi
Ó máa ń wà, àkókò rẹ̀ gan-an ni oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ tí ó bo ìka tán kí ẹ tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń tà níbí kò gba ọwọ́ ọkùnrin tiwa.